Abẹ̀bẹ̀ Ọba Atẹ́gùn àti Àìsùn Àbúrò Mi

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní ikọ́ kó wú u tán nísinsìnyí, nítorí etí ni wọ́n fi ń jẹ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ikọ́ a sì máa ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bí mo ṣe jókòó yìí tí eyín mi ṣẹ́kù bí òpó ilé ahoro, ẹ má fojú di mí. Èmi ni Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ọdẹ́gbèmí. Bàbá mi kò bí ọkùnrin, ìbọn rẹ̀ kò sì mọ̀ pé obìnrin ni mí nígbà tí mo gbé e. Ẹfọ̀n tó lé gbogbo ọkùnrin Ìsàlẹ̀-Apáta gun orí igi, èmi ni mo dúró bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, orí awọ rẹ̀ ni mo sì ń sùn títí tó fi gbó. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ lọ bi bàbá yín léèrè irú igi tó gùn.

Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti ẹran pípa. Ìtàn oorun ni, kò sì dùn.

Ní ọdún kan tí àgbàdo yọmọ dáadáa, ìránṣẹ́ kan wọ ìlú wa. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni orúkọ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀ tán bó bá ń rìn. Ó ní Ọba Atẹ́gùn ló rán òun. Ọba náà fẹ́ gbin àwọn abẹ̀bẹ̀ ńláńlá sórí Òkè Alùkò tó wà lẹ́yìnkùlé wa gan-an. Abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga ju ìrókò tó dúró lórí ìrókò lọ, ó sì ní apá mẹ́ta tí yóò máa yí bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́. Yíyí yẹn ni yóò máa tan iná sílé wa, tí yóò máa lọ àgbàdo wa, tí yóò máa fa omi kànga wá sókè. Kò bèèrè ẹrú, kò bèèrè ẹran. Orí òkè lásán ló fẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ó dùn mọ́ èmi náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ta ló fẹ́ràn òkùnkùn? Ṣùgbọ́n ilé ọmọ mi Mojírọ́lá ló sún mọ́ ẹsẹ̀ òkè náà jù, oyún sì wà nínú rẹ̀. Mo bá béèrè bóyá abẹ̀bẹ̀ náà kì í pariwo. Fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí a pàdé òun lọ́jà lọ́jọ́ kejì, kí a wá fi etí ara wa gbọ́.

Ọjọ́ ọjà gan-an ni. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ kékeré kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ní kó máa yí. Ewúrẹ́ ń ké, alágbẹ̀dẹ ń lu irin, àwọn tó ń ná ẹja ń bú ìyá ara wọn. Ó bi wá pé kí la gbọ́. Gbogbo ènìyàn na etí, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀tún Baálẹ̀, Awóyẹlé, ẹni tó ti ń fi ojú inú wo iná nínú ìloro rẹ̀, yíjú sí mi, ó ní ṣé mo ti gbọ́ báyìí.

Mo ní, “Ọ̀tún, ọdẹ wo ló ń lọ sáàárín ọjà kó tó fetí sí ẹsẹ̀ ẹtu?”

Ó ní, “Ìyá Mojírọ́lá, ohun tí kò bá ti ní ìwo lórí, ìwọ ò mọ̀ pé ó dára.”

Ọjà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

Baálẹ̀ wa nígbà náà ni Láníhún, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í dáhùn ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin lọ. Ó rán wa létí ohun tí a jogún. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ tẹ abúlé tuntun dó kì í rì òpó mọ́lẹ̀ àfi bí wọ́n bá ti fi oorun dán ilẹ̀ náà wò. Ọdẹ ni wọ́n ń rán. Yóò tẹ́ ẹní síbi tí ilé yóò wà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kòkòrò ti dákẹ́, yóò sùn síbẹ̀, yóò sì wá sọ ohun tó gbọ́. Bó bá gbọ́ omi lábẹ́ ilẹ̀, wọn a ṣí kúrò. Bó bá gbọ́ ìrìn ìjàlọ, wọn a ṣí kúrò. Ilé tí wọ́n kọ́ láìdán ilẹ̀ wò, a kì í kí ẹni tó kọ́ ọ kú oríire.

Baálẹ̀ wá sọ fún mi pé, “Abẹ̀bẹ̀ tí kò tíì sí níbí, a kò lè fi oorun dán an wò àfi níbi tó ti wà. Ìlú tí wọ́n ti gbìn ín ni àbúrò rẹ lọ́kọ sí. Lọ bá wa sùn níbẹ̀. Ọyẹ́ kò gbọdọ̀ lọ tán kí o tó dé, nítorí ìgbà náà ni Fẹ́ẹ́rẹ́ ń bọ̀ wá gba èsì. Bí a kò bá rí ọ, n ó fún un ní Òkè Alùkò.”

Mo gbé ìbọn, mo gbé ẹní.

N kò ní fi ìrìn dá yín lágara. Mo rìn títí ilẹ̀ tí mo mọ̀ fi tán, mo bọ́ sínú Igbó Elétí. Ẹyẹ kan kò sí níbẹ̀. Àwọn igi rẹ̀ kò so èso, etí ni wọ́n so láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó, etí ọmọdé, etí àgbà, etí ẹran. Bí mo bá sì ti gbé ẹsẹ̀, gbogbo wọn a yíjú sọ́dọ̀ mi, fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ kò bẹ̀rù nǹkan, ẹ jẹ́ kí igi gbọ́ bí inú yín ṣe ń kùn ná.

Iwin tó ni igbó náà jáde sí mi. Elétí-Gbogbo-Ara ni wọ́n ń pè é. Etí ló fi bora bí ẹja ṣe ń fi ìpẹ́ bora. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ohùn ara rẹ̀ ń dùn ún. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìtú àlọ́ òun: “Ó ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ń dùbúlẹ̀ sáàárín ọkọ àti aya. Ọ̀bẹ kò gé e, ẹ̀wọ̀n kò dè é. Kí ni?”

Mo ní òtútù ni. Ó ní aṣọ ń lé òtútù jáde. Mo ní èéfín ni. Ó ní ẹni tó dáná lè pa iná. Ó ti ń la ẹnu, ẹ̀yin èèyàn mi, eyín rẹ̀ pàápàá ní etí, nígbà tí mo rántí ìdí tí mo fi kúrò nílé. Mo ní ariwo ni. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ó ní mo ti fi ẹnu mọ̀ ọ́n, ó ku kí n fi ara mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n jókòó sábẹ́ igi kan, kí n má mira, kí n má fọhùn, títí n ó fi gbọ́ ìró ewé kan ṣoṣo tó bá bọ́ sílẹ̀. Mo jókòó. Ìjàlọ dé. Wọ́n gba ẹsẹ̀ mi gòkè, wọ́n gba itan, wọ́n dé ibi tí àgbà obìnrin kì í dárúkọ fún àwùjọ. Ẹ̀yin tí ìjàlọ ti bù jẹ rí, ẹ mi orí fún mi. Ọkùnrin ì bá ti bọ́ ṣòkòtò sọ́nà. Èmi kò mira. Mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ mi nínú etí mi, mo gbọ́ bí ìjàlọ ṣe ń jẹ mí, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ewé náà. *Pẹ́*. Ó kéré ju mímí ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Inú iwin náà dùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn ìjàlọ kúrò lára mi. Ó ní, “Ibi tí ènìyàn bá ti lè gbọ́ ìbọ́sílẹ̀ ewé, oorun lè dé ibẹ̀. Ibi tí nǹkan mìíràn bá ti bo ewé mọ́lẹ̀, má kọ́lé síbẹ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ nǹkan náà tì ọ́. Má gbọ́ ọ lọ́sàn-án, ọ̀sán a máa purọ́. Má gbọ́ ọ nígbà òjò. Má dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ohùn kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Dúró síbi tó ti ń gbé e bọ̀ wá bá ọ.” Ó wá ní kí n máa lọ, kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun sókè.

Bí mo ṣe jáde nínú igbó ni mo rí Ìlú Abẹ̀bẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà lójúlé gbogbo, bí ìgbà tí ìràwọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ wá pọn omi. Mo ní inú ọgbà ayọ̀ ni mo wọ̀ yìí. Àṣé ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò jẹ́ kí n rí ojú wọn. Ojú gbogbo wọn pọ́n. Òwú wà ní etí àgbà àti ọmọdé. Mo kí obìnrin kan, mo ti kọjá ilé kejì kó tó dáhùn. Àkùkọ ń kọ nígbà tó bá wù ú, nítorí òun náà kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú mọ́. Mo rí ọkùnrin kan tó ń bomi rin ẹyin adìẹ, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀.

Ìbídùn ni orúkọ àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ẹ̀fẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, níbi tó jókòó sí tó kọ ẹ̀yìn sí òkè. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni, àbí ẹ wà lára àwọn tí mo ń rí?” Mo gbá a mọ́ra. Ó ti fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ ń gbé nínú ahéré tó jìnnà, kó lè máa sùn, kò sì padà wálé mọ́. Mo bi í léèrè ìdí tí òun náà kò fi lọ. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi po amọ̀ ilé náà, pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ilé ẹni sílẹ̀ fún mímí abẹ̀bẹ̀.

Ó sọ bó ṣe rí fún mi. Nígbà tí Fẹ́ẹ́rẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn, kò tiẹ̀ mú wọn lọ sọ́jà. Ó mú wọn lọ sórí òkè lóru, bí ẹni tó fẹ́ ṣe òtítọ́, ó yí abẹ̀bẹ̀ kan níbẹ̀, ó ní kí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n àárín òjò ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lójú ọ̀gọ̀dọ̀, odò kún, òjò ń rọ̀ sórí ewé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ abẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ní kò léwu, wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò gbẹ, ọ̀pọ̀lọ́ wọlẹ̀ lọ, ọyẹ́ wá fẹ́ láti ẹ̀yìn òkè. Ìbídùn ní, “Ìgbà náà la tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bá abẹ̀bẹ̀ bo àṣírí.”

Mo tẹ́ ẹní mi sínú yàrá rẹ̀. Ohun tí wọ́n rán mi ni.

Ẹ gbọ́ mi yé o, kì í ṣe ariwo ńlá. Ọlọ ju ú lọ. Òjò lórí páànù ju ú lọ fíìfíì. Bó bá ṣe pé ó ń sán bí ààrá ni, à bá bú u kí a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ń mí. *Fúù*, yóò dákẹ́ díẹ̀, *wúùmù*. *Fúù*, yóò dákẹ́ díẹ̀, *wúùmù*. Ó dà bí ẹranko ńlá kan tó dúró lẹ́yìn ògiri, tó mí sínú, tí ìwọ náà wá ń dúró kó mí síta. Bó bá sì ti mí síta, o tún ń dúró de òmíràn. Èmi tí mo ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ẹkùn, tí ẹkùn wá jí mi láàárọ̀, n kò lè sùn. Ariwo náà kọ́ ló ń pa oorun. Dídúró dè é ni. Mo sì ń na etí fún ewé. Igi odán ńlá kan wà lẹ́yìn yàrá náà, mo rí i bí ewé rẹ̀ ṣe ń bọ́ níwájú fèrèsé, n kò gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun òkè lọ bá Ọba Atẹ́gùn. Mo bá a lórí àpáta láàárín àwọn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ń tú bí ìgbátí aṣọ, orí rẹ̀ ń dán bí ẹyin. N kò kí i. Mo yìnbọn lù ú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo yìn ín. Ọta náà jáde lẹ́nu ìbọn, ó dúró lójú òfuurufú, Ọba Atẹ́gùn sì rọra fẹ́ ẹ padà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ṣì gbóná.

Mo ní, “Ẹ ti gba oorun odidi ìlú kan.”

Ó ní, “Wò mí dáadáa, ọmọ ọdẹ.” Mo wò ó. Kò ní etí. Ibi tó yẹ kí etí wà dán bọ̀rọ́. Ó ní ohùn mi tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ni òun ń fi ara gbà. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń rán Fẹ́ẹ́rẹ́ sí àwọn tó ní etí, kí wọ́n bá òun gbọ́ ohùn abẹ̀bẹ̀ kí òun tó gbìn ín. Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì ní kò sí nǹkan.

Mo ní kó fà wọ́n tu. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ wọn. Mo wo inú pàlàpálá àpáta, mo rí gbòǹgbò irin wọn tó sọ̀ kalẹ̀, tó sọ̀ kalẹ̀, títí dé ibi tí àwọn òkú jókòó sí, àwọn òkú sì fẹ̀yìn tì í.

Ó ní, “Nígbà tí n kò tíì gbìn wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó kan ì bá sún wọn kúrò. Nísinsìnyí, èmi tí mò ń fa òkun kò lè fà wọ́n tu. Èyí tí mo fẹ́ gbìn sọ́dọ̀ yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ sọ ibi tí n ó gbé e sí. Bí ẹ kò bá sọ, Fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò yàn án, ibi tó sún mọ́ ọ̀nà ló sì máa ń yàn, nítorí kò fẹ́ràn ìrìn.”

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di ẹrù Ìbídùn, mo ní kó dìde. Ó fi ọwọ́ pa ògiri ilé rẹ̀, ó tẹ̀lé mi. Nígbà tí a dé Igbó Elétí, àwọn etí ara igi ká kò bí ewé patanmọ́ bó ṣe ń kọjá. Elétí-Gbogbo-Ara jáde, ó wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀, ó fẹ́ di etí rẹ̀ ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ló ní. Àbúrò mi sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ tó lè fetí sí obìnrin nìyí, ẹ sì ń mú mi kọjá lára rẹ̀.” Èyí ni ẹ̀fẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn.

A bá Fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀, ó ti ń gba èsì lọ́wọ́. Mo ròyìn gbogbo ohun tí mo rí. Ọ̀tún Awóyẹlé ní àròsọ ọdẹ ni, pé àìsàn obìnrin tó kúrò nílé ọkọ ni mo ń pè ní àìsàn abẹ̀bẹ̀. Ó ní oúnjẹ àti ibi tó dákẹ́ ló yẹ kí a fún un, kí a wá wò ó bóyá kò ní sùn. Baálẹ̀ ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé Ìbídùn lọ sílé Mojírọ́lá lẹ́sẹ̀ òkè, ibi tó dákẹ́ jù nílùú wa. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Baálẹ̀, Ọ̀tún àti Fẹ́ẹ́rẹ́ wá jókòó tì í pẹ̀lú wa.

Ọyẹ́ ni. Ìrẹ̀ kan kò dún. Ewé bọ́ sórí òrùlé, gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ìbídùn dìde jókòó. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dúró díẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n sùn lẹ́ẹ̀kan péré.”

Ọ̀tún bi í pé kí ni kó dúró.

Ó ní, “Èyí tó ń mí lẹ́yìn ògiri yìí.”

Ọ̀tún gbé àtùpà, ó jáde lọ sẹ́yìn ògiri. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn, ó lọ, ó bọ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé àtùpà sílẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ojú Baálẹ̀ ló wò, kò wo ojú mi. Ó ní, “Baálẹ̀, ilé mi ló tẹ̀lé èyí.”

Fẹ́ẹ́rẹ́ ní òkè mìíràn jìnnà. Baálẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣáà kanlẹ̀, kí ló tún ń rò.

Nínú ọyẹ́ yẹn náà ni gbogbo ọdẹ ìlú gbé ẹní jáde. A ní kí Fẹ́ẹ́rẹ́ gbé abẹ̀bẹ̀ kan lọ sórí Òkè Alùkò, odindi èyí tó fẹ́ gbìn, kì í ṣe ti ọjà. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ohùn bọ̀, a na etí fún ewé. A kò gbọ́ ewé. A ní kó gbé e sẹ́yìn. A tún dùbúlẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń lé e lọ, tó ń kùn, títí ó fi kọjá òkè kejì. Níbẹ̀ ni a tó gbọ́ ewé ní gbogbo ojúlé, àfi ilé ìyá arúgbó kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Baálẹ̀ ní arúgbó pàápàá gbọ́dọ̀ sùn, ó ní kí wọ́n tún sún abẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn. A gbin pèrègún sí ààlà: abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá sí apá ìhín, ilé kò gbọdọ̀ kọjá sí apá ọ̀hún. Iná pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan sì bú mi títí ó fi dé.

Mojírọ́lá bímọ. Ọmọ náà ń sùn bí òkúta. Ìbídùn a máa jókòó tì í láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, a máa wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun. A fún un ní àgbo, a gbé e lọ sí oko, a gbé e lọ sétí odò, kó lè gbọ́ ohùn mìíràn. Ohun tó ti wọ etí rẹ̀ kò jáde. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀ ló kú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo pa á dé, ó tún là.

Wọ́n ti ń kó àga jọ fún àìsùn òkú nígbà tí mo lọ bá Baálẹ̀. Mo ní ọmọ ìyá mi ti ṣe àìsùn tirẹ̀ tán, ó sì ti ṣe tiwa mọ́ ọn. Ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n lu agogo yí ìlú ká, pé kí olúkúlùkù pa iná, kó lọ dùbúlẹ̀.

Èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, mo gbọ́ Ọ̀tún lójúlé kejì, ó ń hanrun. Mo gbọ́ Mojírọ́lá àti ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ ilé tó tẹ̀lé wọn, mo gbọ́ èyí tó tún tẹ̀lé e, títí dé ìpẹ̀kun ìlú, gbogbo Ìsàlẹ̀-Apáta ń sùn. Mo dìde, mo ṣí fèrèsé fún àbúrò mi.

Ẹnu mi ti gbẹ. Ẹ ká ẹní yín, ẹ̀yin tí ẹ bá lè sùn, ẹ lọ sùn.